Ẹni Tó Di Orí Okùn Mú

Ogún ọdún lẹ́yìn ogun,
wọ́n ní ká wá wọn ogún.
Èmi ni mo di orí okùn mú.
Ọ̀gá mi Anselmo di ìdí rẹ̀,
ó gbé ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ kọ́rùn,
a gun òkè Letefoho ní kùtùkùtù
nígbà tí ìkùukùu ṣì gbé orí lé àwọn igi kọfí
bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú.

Ẹni mẹ́ta ló dúró dè wá lórí ilẹ̀ kan.

Aurélio ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó ti Darwin dé, ó mú ìwé wá nínú ọ̀rá,
ìwé àwọn Pọtogí, òǹtẹ̀ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ,
orúkọ bàbá rẹ̀ nínú tàdáwà tó ti ń di omi tíì.
“Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ.
Ìwé yìí ni màmá mi fi ṣe ìrọ̀rí títí ó fi kú.”

Januário ò wọ bàtà. Òun náà ní ìwé,
ti ìjọba Jakarta, àwòrán ẹyẹ ńlá wà lórí rẹ̀,
iná ti jẹ igun kan.
Lọ́dún tí wọ́n ń kó lọ,
tí wọ́n ń sun ìlú bí ẹni ń sun pápá,
ilé tí wọ́n kó ìwé ilẹ̀ sí bá a lọ.
Láti ìgbà náà, eérú ló ń ṣe akọ̀wé wa.
“Ilé tí mo bá níbí, ògiri mẹ́rin àti ojú ọ̀run ni.
Èmi ni mo kan páànù sí i.
Ọmọ márùn-ún ni ìyàwó mi bí sábẹ́ rẹ̀.
Ibo ni kí n kó wọn lọ?”

Ìyá Ermelinda ò mú nǹkan kan wá.
Ó jókòó sórí òkúta, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹni jẹ obì.
Nígbà tí Anselmo béèrè ìwé,
ó dìde, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu òkúta náà,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ:
Mau Kura bí Bere Laka,
Bere Laka bí Kai Mali,
Kai Mali gbẹ́ kànga, kànga ti dí,
ọmọbìnrin rẹ̀ kú sínú igbó nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ń rọ iná,
a ò rí i sin, aṣọ rẹ̀ la sin síbí.
Ó ń kà á lọ. Oòrùn mú. Ẹnikẹ́ni ò lè dá a lẹ́kun.
Anselmo wo fọ́ọ̀mù:
ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ.

Òfin ní ká fi ojú ààlà hàn.
Ààlà ìwé Pọtogí ni odò; odò ti yà gba ibòmíràn.
Ààlà ìwé Jakarta ni títì kan tí wọn ò là rí.
Ààlà Ìyá ni igi. “Ẹ bi í léèrè,” ó ní.
Kùkùté la bá. Wọ́n ti fi ìyókù ṣe èédú.
Mo na okùn láti kùkùté dé ibi tí odò wà tẹ́lẹ̀.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Èmi náà,
nílé wa ní Ainaro, ẹ̀gbọ́n mi méjì kì í kí ara wọn
nítorí ilẹ̀ tí ewúrẹ́ kan ò lè jẹ yó lórí rẹ̀.

Anselmo kọ ọ̀rọ̀ kan: àríyànjiyàn.
Ó pa fáìlì dé. Ilé ẹjọ́ yóò pè yín, ó ní,
bóyá lẹ́ẹ̀ẹ̀dún, bóyá lẹ́yìn ìdìbò.

Kọfí ò mọ adájọ́ kankan.
Ó ti pọ́n, ó ń já bọ́.
Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn:
Ìyá na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò tó ẹ̀ka,
ọmọbìnrin kékeré kan sáré jáde lábẹ́ páànù,
ó fa ẹ̀ka náà wálẹ̀ fún un.
Aurélio ń wò wọ́n, ìwé rẹ̀ lábẹ́ abíyá,
kò mọ ibi tí yóò jókòó sí.
Mo ń ká okùn mọ́wọ́.
Igi yẹn gan-an ni mi ò wọ̀n.